Àbá Ni Kámẹ́rà Orí Kọ̀ǹpútà Ń Dá, Kì í Ríran

Bàbá kan ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú. Kò tíì bọ́ agbádá léèsì funfun tó wọ̀ lọ tó fi jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù. Ìpàdé ẹbí ni, orí Zoom ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é: ọmọ kan wà ní Peckham, èkejì wà ní Houston, àbúrò bàbá wà ní Abẹ́òkúta. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé sì wà lára ògiri náà. Ohun tí àwọn ọmọ rí lọ́hùn-ún ni agbádá tó ń kọ mànà, fìlà tó jókòó dáadáa, àti ojú kan láàárín méjèèjì tó dúdú bí ìdí ìkòkò. "Ẹ káàsán sà. Bàbá, a ò rí ojú yín o." Bàbá gbé kọ̀ǹpútà sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó fi etí agbádá nu ojú kámẹ́rà, ó wá dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Láptọ́ọ̀pù náà ò bàjẹ́. Ohun tí àwọn tó kọ́ kámẹ́rà yẹn ní kó ṣe ló ń ṣe, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹjọ́ wà.

Ẹni tó bá dúró ti àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, yóò rí bí wọ́n ṣe ń fi ike pẹlẹbẹ kan wá etí ojú láptọ́ọ̀pù kiri, tí férémù rẹ̀ á máa dún ta, ta, ta títí tí yóò fi ṣí. Lókè, láàárín gbùngbùn, ni kámẹ́rà wà: pátákó tín-ín-rín kan tó gùn bí ìka ọwọ́, tí wáyà wẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ so mọ́ ara kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ ò tó hóró ẹ̀wà. Nínú èyí tó pọ̀ jù, kò yàtọ̀ sí kámẹ́rà tí ènìyàn ń rà lọ́tọ̀ tó ń kì bọ ihò USB. Wáyà USB ni tinú yìí náà fi ń sọ̀rọ̀, inú ìdérí ni wọ́n kàn fi wáyà rẹ̀ pa mọ́ sí.

Ìdérí yẹn ni ẹlẹ́ṣẹ̀ àkọ́kọ́. Fóònù nípọn tó mílímítà méje tàbí mẹ́jọ, ìdérí láptọ́ọ̀pù òde òní kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́ńsì sì nílò àyè kí ó tó lè ṣa ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan. Bí àyè bá ti kéré, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kéré, ìdí sì nìyẹn tí fóònù olówó pọ́ọ́kú fi máa ń ya àwòrán tó dáa ju ti láptọ́ọ̀pù olówó gọbọi lọ. Ní ọdún 2015, Dell dín etí ojú kọ̀ǹpútà XPS 13 kù débi pé kò sí àyè fún kámẹ́rà lókè mọ́, wọ́n bá gbé e lọ sísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì. Ihò imú ló wá di ohun tí kámẹ́rà kọ́kọ́ ń rí. Bí ẹni tó ni ín bá ń tẹ nǹkan, ìka rẹ̀ á gba ojú àwòrán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Kí ènìyàn wá rò ó wò bí ọmọ Yorùbá ṣe máa fi irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kí àna rẹ̀. Ọdún 2019 ni wọ́n tó rí ọgbọ́n dá sí i, tí wọ́n ṣe kámẹ́rà tí kò ju mílímítà 2.25 lọ, tí ojú sì padà sí ipò rẹ̀.

Lẹ́yìn lẹ́ńsì ni iṣẹ́ gidi wà, lára wẹ́rẹ́ sílíkọ́nì kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan sílíkọ́nì, á tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò ṣe pọ̀ tó. Ní 1969, ní Bell Labs ní ìpínlẹ̀ New Jersey, Willard Boyle àti George Smith rí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kó àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyí jọ kí ó sì kó wọn jáde létòlétò. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 2009, iṣẹ́ yẹn mú Ẹ̀bùn Nobel wá fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà tó wà lórí láptọ́ọ̀pù lónìí kì í ṣe tiwọn. Eric Fossum ló ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún NASA, nígbà tí wọ́n ń wá kámẹ́rà kékeré tí kò ní jẹ iná púpọ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sáàárín ìràwọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí ìràwọ̀ ló wá di ti ìpàdé ẹbí.

Ó rọrùn láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó ti gbé korobá sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ rí. Wọ́n to ife wínníwínní sójú sílíkọ́nì náà ní ìlà ní ìlà. Kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní 720p ní ife 1,280 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà sì jẹ́ 720, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 921,600, gbogbo rẹ̀ lórí ohun tí kò tó hóró ìrẹsì. Fífẹ̀ ife kan fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà lọ. Òjò ìmọ́lẹ̀ á rọ̀ sínú wọn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, á máa fi kóńgò wọn ohun tó wà nínú ife kọ̀ọ̀kan, á sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀: òfo ni 0, àkúnwọ́sílẹ̀ ni 1,023 nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bó bá wọn gbogbo ìlà tán, á da omi nù, á tún bẹ̀rẹ̀, ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí pé ìlà ni wọ́n ń wọ̀n tẹ̀ léra, ohun tó bá ń sáré kì í dúró síbi kan náà láti ìlà òkè títí dé ìlà ìsàlẹ̀. Ẹ kọ kámẹ́rà sí fáànù òkè àjà, apá rẹ̀ á tẹ̀ bí dòjé.

Òjò kì í sì í rọ̀ dọ́gba. Bí ó bá ń ṣe wíníwíní, korobá kan lè gba ẹ̀kán mọ́kànlá kí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gba mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n wà. Bó bá jẹ́ òjò ńlá, ta ni yóò mọ̀? Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀: bí ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ 100 bá yẹ kó bọ́ sínú ife, àṣìṣe tó máa bá a rìn tó 10, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ 10,000, àṣìṣe jẹ́ 100, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí ojú ènìyàn fi ń dà bí ẹni tí wọ́n da yanrìn sí lára nígbà tí NEPA bá mú iná lọ tí iná tọ́ọ̀ṣì nìkan ṣẹ́kù. Kámẹ́rà rí i pé omi inú ife ò tó nǹkan, ó bá sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún, ó sì sọ àṣìṣe inú rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú. Tàbí kí ó fi ife sínú òjò pẹ́ sí i, kí àwòrán 30 di 15, kí ọwọ́ tí ènìyàn jù máa fa ìrù lẹ́yìn bí aṣọ eégún.

Ti àwọ̀ ló wá ya ènìyàn lẹ́nu jù. Ife wọ̀nyí ò mọ pupa, wọn ò mọ aró. Iye nìkan ni wọ́n mọ̀. Bryce Bayer tó ń ṣiṣẹ́ ní Kodak ló rí ojútùú rẹ̀, tí wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1976. Ó dé ife kọ̀ọ̀kan ní ìdérí aláwọ̀: nínú ife mẹ́rin, méjì gba àwọ̀ ewé, ọ̀kan gba pupa, ọ̀kan gba aró. Àwọ̀ ewé gba méjì nítorí pé òun ni ojú ènìyàn ń gbára lé jù láti rí ohun tó wẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ife tó dé ìdérí pupa ò mọ nǹkan kan nípa ewé àti aró tó wà níbi tó ń wò. Ẹ̀rọ kékeré tó wà lára pátákó náà ló ń bi àwọn aládùúgbò rẹ̀ léèrè, tó sì ń fi ìdáhùn wọn méfò. Nínú gbogbo àwọ̀ tó wà lójú àwòrán, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Wọ́n dá àbá rẹ̀ ni. Yorùbá ní àbá níí di òtítọ́, àfi kí kámẹ́rà máa dá a ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá wọ aṣọ òkè tí ìlà rẹ̀ wẹ́ gan-an jókòó síwájú rẹ̀ á rí òṣùmàrè tí kò sẹ́ni tó hun ún sára aṣọ. Ìlà aṣọ ló kéré ju àlàfo àárín ife lọ, aládùúgbò tí wọ́n bi léèrè sì purọ́.

Sílíkọ́nì tún ń rí ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kì í rí, irú èyí tó ń ti ẹnu rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n jáde. Wọ́n ní láti fi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan dí i lọ́nà. Bí gíláàsì náà ò bá dáa, aṣọ dúdú á di elése àlùkò. Kì í ṣe ti olówó pọ́ọ́kú nìkan: Leica M8, kámẹ́rà àwọn olówó, jáde ní 2006 pẹ̀lú àìsàn yìí gan-an, ilé-iṣẹ́ náà sì ní láti máa fún àwọn tó rà á ní gíláàsì lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi bo ojú rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá parí, ó ku bí àwòrán ṣe máa gba inú wáyà. Ife 921,600, báìtì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: ó lé ní mílíọ̀nù 55 báìtì. Wáyà USB 2.0 kò lè gbé ju mílíọ̀nù 60 lọ lórí ìwé, kì í sì í dé ibẹ̀ lójú iṣẹ́. Kámẹ́rà á wá fún àwòrán náà pọ̀ bí ẹni ń fún gàrí kó tó rán an, Zoom á tún un fún. Ìlà ojú àti irun àgbọ̀n wà lára omi tó dànù.

Wọn ò tilẹ̀ bí irú kámẹ́rà yìí fún ojú ènìyàn. Kọfí ni wọ́n bí i fún. Ní 1991, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà Yunifásítì Cambridge, àwọn olùwádìí tí yàrá wọn jìnnà sí ibi tí ìkòkò kọfí wà ti rìn títí, wọ́n dé ibẹ̀ bá òfìfo. Quentin Stafford-Fraser àti Paul Jardetzky bá kọ kámẹ́rà sí ìkòkò náà kí gbogbo wọn lè máa wò ó láti orí àga. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ 128 ní ìbú, 128 ní òró, kò ní ju àwọ̀ eérú lọ. Ó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1993, gbogbo ayé sì ń wo kọfí Cambridge títí wọ́n fi pa á ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2001. Ìkòkò yẹn, tó ti bàjẹ́, ni ìwé ìròyìn Jámánì kan, Spiegel Online, rà ní 3,350 pọ́n-ùn.

Láti orí kọfí, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ kòrónà, adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin kan lórí Zoom. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwòrán tí wọ́n fún pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ àbá, ló dúró fún ojú lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n ń fi irú ẹrù yìí lé lórí kò yẹ kó jẹ́ ohun tó rọlẹ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó rọlẹ̀ jù nínú rẹ̀ gan-an ló sábà máa ń jẹ́. MacBook Air tí Apple gbé jáde ní 2020, tí iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 999 ní Amẹ́ríkà, ṣì ń lo 720p. Ọdún 2022 ni èyí tó tẹ̀ lé e tó bọ́ sí 1080p. 1080p náà kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Ife 2,073,600 ni wọ́n tò síbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí àyè kan náà ni wọ́n to wọn sí, ife kọ̀ọ̀kan á kéré sí i, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sínú rẹ̀ á dín kù, yanrìn á pọ̀ sí i. Ẹni tó ń fi "HD" polówó kámẹ́rà láìsọ bí ojú rẹ̀ ṣe tóbi tó dà bí ẹni tó ń polówó ilé oníyàrá mẹ́wàá tí bẹ́ẹ̀dì ò lè wọ ìkankan nínú rẹ̀. Páálí kì í sọ èyí, àwọn tó ń tajà kì í mọ̀ ọ́n, àwọn tó ṣe é mọ̀ wọ́n sì dákẹ́.

Kí a padà sọ́dọ̀ bàbá wa. Kámẹ́rà rẹ̀ ò mọ̀ pé bàbá ni. Ó ro gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú àwòrán pọ̀, ó pín in, ó sì fẹ́ kí àárín rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú. Léèsì funfun, ògiri funfun, oòrùn ojú fèrèsé: ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù lójú tirẹ̀, ó bá yára kó ife kúrò nínú òjò. Ojú bàbá tó jẹ́ dúdú dídán, tí kò gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ló ru gbogbo ìyà náà. Ìbá ti dára ká ní ó yí àga padà, kí fèrèsé wà níwájú rẹ̀. Ọmọ òyìnbó tó jókòó síbi kan náà, tirẹ̀ kì bá burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọ̀ rẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ju ti bàbá lọ.

Kì í ṣe òní ló ti ń rí bẹ́ẹ̀. Láyé fíìmù, àwòrán obìnrin òyìnbó, tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley, ni Kodak ń fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń fọ fótò kí wọ́n lè fi wọn bóyá àwọ̀ ti pé. Àwọn kámẹ́rà tuntun ní àwọn ti yanjú ọ̀rọ̀ náà: wọ́n á kọ́kọ́ wá ojú, ojú yẹn ni wọ́n á sì fi wọn ìmọ́lẹ̀. Ó dáa, bí wọ́n bá rí ojú náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, fídíò kan tàn kálẹ̀ níbi tí kámẹ́rà kọ̀ǹpútà HP kan, tí wọ́n ṣe kó máa tẹ̀ lé ojú ẹni tó jókòó, ń tẹ̀ lé obìnrin aláwọ̀ funfun kiri tí kò sì dá alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ dúdú mọ̀ rárá. HP fèsì pé ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni. Joy Buolamwini, olùwádìí tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, bá irú rẹ̀ pàdé ní MIT: ó ní láti fi ìbòjú funfun bo ojú kí kọ̀ǹpútà tó gbà pé ènìyàn wà níwájú òun. Ní 2018, òun àti Timnit Gebru dán ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wò lórí bí wọ́n ṣe ń fi ojú mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Èyí tó burú jù ṣàṣìṣe lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú níye ìgbà 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, kò sí èyí tó kọjá 0.8.

Èyí tó wá sún mọ́ Èkó àti Ìbàdàn jù ni ti iná. Iná mànàmáná Nàìjíríà ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Ọ̀pọ̀ gílóòbù tó ń jẹ irú iná bẹ́ẹ̀ ń ṣẹ́jú ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ìgbà 100 níbí, 120 lọ́hùn-ún. Ojú ènìyàn ò mọ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó ń wọn ìlà tẹ̀ léra mọ̀. Bí wọ́n bá tò ó sí 60 tí iná sì jẹ́ 50, ìlà kan á bá gílóòbù nígbà tó lajú, òmíràn á bá a nígbà tó dijú, àwòrán á sì máa ní ìlà dúdú tó ń gòkè bí ìlà òfì. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá lè gbé 60 yìí dé. Nọ́ńbà kan péré ni wọ́n máa yí padà nínú ètò kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á á ní kámẹ́rà ń kú lọ, alátùn-únṣe tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run á sì gba owó rẹ̀ láti pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọjà wá sílẹ̀ yìí yẹ kó mọ irú iná tí ibẹ̀ ń lò.

Ọ̀rọ̀ iná kékeré ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, tó ń fi hàn pé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, ò gùn. Ó yẹ kó jẹ́ pé iná tó ń jí kámẹ́rà ló ń tan òun náà, kí ọ̀kan má lè ṣiṣẹ́ láìsí èkejì. Ní 2013, Matthew Brocker àti Stephen Checkoway ní Yunifásítì Johns Hopkins fi hàn pé nínú àwọn MacBook àtijọ́, ènìyàn lè fi ètò kọ̀ǹpútà lásán tan kámẹ́rà kí iná má tàn. Ọdún 2016 ni wọ́n rí fótò Mark Zuckerberg, olùdásílẹ̀ Facebook, tí láptọ́ọ̀pù ẹ̀yìn rẹ̀ ní téèpù lójú kámẹ́rà. Téèpù ò gbówó lórí.

Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà yẹ kó dán kámẹ́rà rẹ̀ wò kó tó sanwó, kì í sì í ṣe lábẹ́ iná funfun tí wọ́n tan sí ìsọ̀, nítorí kò sí kámẹ́rà tí kì í dáa níbẹ̀. Kó tẹ rìmóòtù sí i lójú. Bí àwòrán bá kọ mànà, gíláàsì inú rẹ̀ ò ṣe iṣẹ́ tán. Kó gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀, kó wò ó bóyá ojú ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kó ní kí wọ́n pa iná. Ọmọkùnrin tó ń tajà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni í pa iná kó tó ra láptọ́ọ̀pù?" Kó rẹ́rìn-ín, kó ní kó ṣáà bá òun pa á fún ìṣẹ́jú kan, kó sì ka iye yanrìn tó wà lójú rẹ̀ kó tó dárúkọ owó.